Ìsanrajù: Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Wọ̀bìà

Nígbà tí olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí n kọ nǹkan, mo rò pé ìtàn eré ìje 400 mítà tí mo máa ń sá nígbà náà ni ó fẹ́. Ó ní rárá, kí n kọ nípa ara mi bó ṣe rí nísinsìnyí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ rí mi níbi ìpàdé tó kọjá mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò wa ní Ìgànmú kò ju 120 lọ. Orí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò ìyẹ̀fun lọ́jà ni mo ti mọ̀ pé mo tẹ̀wọ̀n tó kílò 148.

Àwọn dókítà kì í fi ojú lásán mọ ìsanrajù. Wọ́n á fi gíga ènìyàn ní mítà pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, wọ́n á sì tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá tó 30, ìsanrajù ni. Bí ó bá tó 40, ó ti dé ìpele tó léwu jù. Ẹni tó ga ní mítà 1.7 yóò dé ibẹ̀ bí ó bá tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bí kílò 116. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, orúnkún dídùn àti èémí tó ń dá dúró lójú oorun kì í jìnnà síbẹ̀.

Láàárín wa, àmì ìgbádùn ni ìsanra. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá ààlà, ìyìn a di yẹ̀yẹ́. Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ dáńfó a ní kí n san owó ẹni méjì. Àwọn ará nínú Olúwa a ní ẹ̀mí wọ̀bìà ni. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 lẹ́ẹ̀mẹta. Ara fúyẹ́, ó sì padà pẹ̀lú èlé.

Ìdí tó fi ń padà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ṣe àwárí tó fi hàn pé ọ̀rá ara a máa tú èròjà kan, leptin, sínú ẹ̀jẹ̀, láti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nínú àká. Bí ọ̀rá bá dín kù, èròjà náà á dín kù. Ọpọlọ á gbà pé ìyàn ti mú. Á dá kún ebi, á sì dín agbára tí ara ń ná kù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 tọpa àwọn ará Amẹ́ríkà 14 tí wọ́n ti díje lórí tẹlifíṣọ̀n láti mọ ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò dín kù jù. Ní ìpíndọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan dín nǹkan bí kílò 58 kù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, bí 41 ti padà, bẹ́ẹ̀ ni ara wọn lójúmọ́ ṣì ń ná nǹkan bí kálórì 500 dín sí ohun tó yẹ kó ná. Àwo ìrẹsì kan tó kún nìyẹn!

Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni wá. Àwọn olùwádìí Loyola fi obìnrin 149 láti ìgbèríko Nàìjíríà wé obìnrin adúláwọ̀ 172 ní agbègbè Chicago. Àwọn ti Chicago fi bíi kílò 26 wúwo jù, síbẹ̀ wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú agbára tí ìhà méjèèjì ń fi iṣẹ́ àti ìrìn ná. Oúnjẹ ni wọ́n fura sí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo inú àpò ọmọ yín. Òfin Ìnáwó 2021 gbé náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò aládùn, ṣùgbọ́n náírà 10 kò lè dí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ lọ́wọ́; omi ni kí ẹ fún un. Bí ọmọ náà bá sì ti sanra, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pè é ní "orobo" níwájú àlejò. Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀. Kò dín gíráàmù kan kù.

Iṣẹ́ abẹ tí ń sọ àpò oúnjẹ di kékeré wà, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára mi lọ. Dókítà mi ní kí n má lépa ara ọmọ ilé-ìwé tí mo ní rí: bí mo bá lè dín ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá kù nínú ọgọ́rùn-ún, kí n sì dì í mú, ẹ̀jẹ̀ ríru mi yóò rọlẹ̀. Kílò 135 ni mo wà báyìí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sì ti dín sí ẹyọ kan.

Láti 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò, Orílé-Ìgànmú ni mo ti ń wọ̀ ọ́; kò sẹ́ni tó ń gba owó àga méjì lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo máa ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni.