Kí Ìsinmi Abiyamọ Tó Parí: Bí Ìyá Ọmọ Ṣe Lè Lo Olùrànlọ́wọ́ Inú Ilé Bó Ṣe Yẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ilé tí ìkókó wà ni òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu jù lọ. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá bímọ nínú agbo ilé, kì í dá ìtọ́jú ọmọ náà ṣe. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀ tí yóò máa wẹ ọmọ, ìyàwó ilé mìíràn yóò gbé ìkòkò kaná, àwọn ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀ yóò sì máa bá ìkókó ṣeré. Lóde òní, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń dá gbé nínú yàrá méjì ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Ìyá àgbà lè wà lọ́nà jíjìn, tàbí kí òun náà ṣì máa lọ sọ́jà lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ abiyamọ fi ń wá ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù láyè láti sinmi fún ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2014 pé kí àwọn obìnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà máa gba oṣù 6 fún ọmọ àkọ́kọ́ àti ìkejì. Yálà ọ̀sẹ̀ ni o tàbí oṣù, ohun tí ọ̀pọ̀ abiyamọ ń ṣe ni pé wọ́n á máa dá gbogbo iṣẹ́ ilé ṣe títí ìsinmi yóò fi kù dẹ̀dẹ̀ kó parí. Ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sáré wá ẹni tí wọ́n máa gbé ọmọ lé lọ́wọ́. Àjèjì á wọlé lọ́jọ́ Sátidé, ìyá á sì jáde lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá kò tíì rí ohun tí ẹni náà máa ń ṣe bí ọmọ bá sunkún tí kò dákẹ́. Ẹni náà kò mọ ibi tí aṣọ ìlédìí wà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohùn ebi yàtọ̀ sí ohùn oorun lẹ́nu ọmọ. Ewu ńlá ni.

Àkókò tí ìyá ṣì wà nílé gan-an ló yẹ kí olùrànlọ́wọ́ ti wọlé. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a láti gbà á fún gbogbo àsìkò ìsinmi lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó padà síbi iṣẹ́, tàbí kí ó ní kí ó máa wá fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́. Àǹfààní méjì ló wà níbẹ̀: ara ìyá yóò balẹ̀, yóò sì ní àyè láti kọ́ ẹni náà níṣẹ́ lójú ara rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ìyá pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé ọmọ fún olùrànlọ́wọ́, tí àwọn fúnra wọn á wá máa fọṣọ, tí wọ́n á máa gbálẹ̀, tí wọ́n á sì máa lọ ata. Ìdàkejì ló tọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ ọmọ fífọ̀, abọ́ fífọ̀, omi pípọn, oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ ni kí ó gbé fún olùrànlọ́wọ́. Fífún ọmọ lọ́mú, wíwẹ̀ ẹ́ àti títẹ́ ẹ sùn ni kí ìyá dì mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé ọmú nìkan, láìsí omi, ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Ìyá tí kò rí oúnjẹ jẹ lásìkò, tí kò sì rí oorun sùn, yóò ṣòro fún un láti ṣe èyí pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Nítorí náà, bí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, kí ìyá náà sùn, kí iṣẹ́ ilé wà lọ́wọ́ ẹni tó wá fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kí olùrànlọ́wọ́ máa wo bí ìyá ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣe é. Bó bá yá, kí ó máa dá a ṣe, kí ìyá jókòó sí tòsí láìjá a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Níkẹyìn, kí ìyá jáde lọ fún wákàtí kan, kí ó padà wá wo bí nǹkan ti rí, kí ó sì tún jáde fún ìdajì ọjọ́. Bí olùrànlọ́wọ́ bá wá láti ilẹ̀ Olómìnira Benin tàbí Togo, tí èdè kò tíì já gaara láàárín wọn, fífi ọwọ́ ṣe é fún un rí ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ṣàì mọ̀. Kí ó máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó bá pààrọ̀ ìlédìí, àti kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ ọmọ. Kí ó máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ bí ó bá ń tẹ́ ẹ sùn, láìsí ìrọ̀rí lábẹ́ orí rẹ̀. Kí ó má ṣe fún ọmọ ní àgbo tàbí oògùn kankan tí ìyá kò fọwọ́ sí, ì báà jẹ́ aládùúgbò ló gbà á nímọ̀ràn. Kí ó má ṣe fi bákẹ́ẹ̀tì omi sílẹ̀ ní gbangba nígbà tí ọmọ bá ti ń rá, nítorí omi díẹ̀ tó láti gbẹ̀mí ọmọdé. Kí ó má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sí ẹnu fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani. Kí nọ́ńbà fóònù ìyá, ti bàbá àti ti aládùúgbò kan tó ṣeé gbọ́kàn lé wà lára ògiri.

Ìyá tó fẹ́ kí ọmọ ṣì máa mu ọmú lẹ́yìn tí òun bá padà síbi iṣẹ́ lè kọ́ bí a ṣe ń fún ọmú sínú ife tó mọ́, kí ó sì fi hàn olùrànlọ́wọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Kò yẹ kí ọmú tí a fún sílẹ̀ wà ní ìta fìríìjì ju wákàtí 4 lọ, kò sì yẹ kó tó bẹ́ẹ̀ bí ooru bá mú. Òfin Iṣẹ́ kan náà tún fún abiyamọ láyè ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ olùrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di òfin tirẹ̀ lọ́dún 2007, ka gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, kò sì fàyè gba kí a fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó yẹ kó wà ní ilé ìwé kọ́ ni a ń gbé ìkókó lé lọ́wọ́. Ààbò ni òfin yìí jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, ààbò ni fún ìkókó náà pẹ̀lú.

Ẹni tó bá sì dàgbà tó, kí a bá a sọ iye owó rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a san án lásìkò, kí a fún un ní ọjọ́ ìsinmi, kí ó sì jẹ nínú oúnjẹ tí ó sè. Ẹni tí a bú mọ́jú, tí ebi tún ń pa, ni a ó fi ọmọ sílẹ̀ fún nígbà tí ojú wa kò ní tó o. Yorùbá ní ẹrú náà ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ìyá tó bá rántí èyí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fi wà nílé, tó sì fi sùúrù kọ́ni, ni ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ lọ́jọ́ tó bá gbé báàgì rẹ̀ tó padà síbi iṣẹ́.