Líìfìtì Tí Ń Gbé Mọ́tò Sókè: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Yáwó Rà Á Sílé

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kọjá, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó méjì ló wá síwájú wa tó jẹ́ pé nǹkan kan náà ni wọ́n fẹ́ fi owó rà. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ mẹkáníìkì tí onílẹ̀ lé kúrò níbi tó ń lò tẹ́lẹ̀, tó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí àgbàlá ilé ara rẹ̀. Ẹnì kejì jẹ́ ìyá wa kan tó ní mọ́tò èrò mẹ́ta, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mọ iṣẹ́ ọkọ̀, tí owó tí wọ́n ń san fún mẹkáníìkì lóṣooṣù sì ti sú u. Líìfìtì tí ń gbé mọ́tò sókè ni àwọn méjèèjì fẹ́ rà sílé. Owó ńlá ni. Akápò wa wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe mẹkáníìkì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ẹ má dákẹ́ o. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa kí gbogbo wa gbọ́." Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Nígbà tí mo bá pe gáréèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe gáréèjì tí a ti ń wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn o. Ibi tí ènìyàn ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí nínú ọgbà ilé ni mo ń wí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Jáàkì àti búlọ́ọ̀kù ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ iṣẹ́. Ní ọdún 1983, nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, a fi jáàkì gbé Peugeot 504 kan, a sì ti búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì méjì sábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni, irú èyí tí a fi ń mọ ilé. Kò ké, kò ya díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló fọ́ túútúú. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè di sípánà mú mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta pákó. Mọ́tò yẹn kò sì ju nǹkan bíi kílò 1,200 lọ. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá ní òun fẹ́ ra líìfìtì, èmi kì í rín in.

Àwọn kan yóò ní kòtò ni àwọn yóò gbẹ́ ní tiwọn. Kòtò sàn ju búlọ́ọ̀kù lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju èyí tí a ń mí sínú lọ. Ilẹ̀ ló ń wá, inú kòtò ló sì ti ń kóra jọ. Gílóòbù kan péré bó bá fọ́ níbẹ̀, ó parí. Níbi tí omi ilẹ̀ kò sì jìnnà, bí ó ti rí ní apá ibi púpọ̀ ní Èkó, òjò oṣù kẹfà yóò sọ kòtò yín di kànga.

Líìfìtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1925, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Lunati, ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, wo bí àga onígbàjámọ̀ ṣe ń gbé ènìyàn sókè, ó sì rò ó pé ohun tó gbé ènìyàn yóò gbé mọ́tò bí a bá ṣe é ní ńlá. Agbára epo tí a tì sínú sílíńdà ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú jáàkì onígò tó wà nínú búùtù yín.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó sábà rí lọ́jà. Olópòó méjì ni mẹkáníìkì fẹ́ràn jù: òpó irin kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, apá méjì méjì lára wọn tí yóò gbé mọ́tò lábẹ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fì lófuurufú, nítorí náà ọwọ́ dé bíréèkì, ó dé ṣọ́ọ̀kù, ó dé gíábọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń béèrè ilẹ̀ tó lágbára jù, torí bóòtì tó dè é mọ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣubú. Olópòó mẹ́rin ní ọ̀nà irin méjì tí mọ́tò yóò gùn, tí yóò sì dúró lórí táyà ara rẹ̀. Ó dára fún yíyí epo ẹ́ńjìnnì padà àti fún sàlẹ́ńsà, ó sì dára fún ẹni tí àyè kò tó, tó fẹ́ gbé ọkọ̀ kan sórí èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ yọ táyà lórí rẹ̀, ẹ ní láti tún ní jáàkì mìíràn tí yóò dúró láàárín ọ̀nà irin náà. Ẹ̀kẹta ń ká, ó sì ń nà bí àlùmọ́gàjí. Kò gba àyè, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló dí àárín abẹ́ mọ́tò, kò sì rọrùn láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ní tèmi, mẹkáníìkì tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, olópòó méjì ni kó rà. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, kó tún rò ó wò.

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ mú téèpù. Ẹ wọn mọ́tò tó ga jù nínú àwọn tí ẹ ó máa gbé. Toyota Sienna ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 9. Bí ẹ bá fẹ́ dúró ṣánṣán lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 6 kún un. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 12 nìyẹn. Ṣùgbọ́n dẹ́kìn ilé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ láti ilẹ̀. Níbẹ̀, orí mọ́tò yóò ti kan òkè nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, orí àpótí sì ni ẹ ó ti máa jókòó ṣiṣẹ́. Kò burú o, ó sàn ju kí a dùbúlẹ̀ sórí páálí lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó. Olópòó méjì tí irin rẹ̀ so pọ̀ lókè sábà máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12 tìkára rẹ̀. Èyí tí irin rẹ̀ so pọ̀ nísàlẹ̀ kò ju bíi 9 sí 9 ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní irin pẹlẹbẹ kan lórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń kọ̀. Ní ti fífẹ̀, yàrá tí kò bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Mẹkáníìkì wa ní ìta gbangba ni òun yóò rì í sí, kò sí dẹ́kìn tí yóò kàn. Mo ní òjò ńkọ́? Mọ́tò iná àti òjò kì í ṣọ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe líìfìtì ló sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé abẹ́ òrùlé nìkan ni kí a lò ó. Ó gbà láti fi páànù bo orí rẹ̀, òrùlé gíga.

Ilẹ̀ ló wá ku, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Fún líìfìtì tó lè gbé 9,000 pọ́ùn, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kílò 4,080, ìwé ilé iṣẹ́ sábà máa ń béèrè kọnkéré tó nípọn tó íńṣì 4 ó kéré tán, tí agbára rẹ̀ tó 3,000 psi. Àwọn mìíràn ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ka táìlì mọ́ ọn, kò ka sìmẹ́ǹtì tí a fi dán ojú ilẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, jámáànù fúlọ̀ tí bíríkìlà dà fún yín nígbà tí ẹ ń kọ́lé, ta ló wọ̀n ọ́n?

A lọ sí ilé mẹkáníìkì wa, èmi àti akọ̀wé. A fi dírílì lu ihò kan sí kọ̀rọ̀ níbi tó fẹ́ rì í sí, a tẹ orí wáyà, a fi wọn inú rẹ̀. Íńṣì 2 ààbọ̀ ni. Yẹ̀pẹ̀ pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dákẹ́ lọ títí. Ó ní íńṣì 5 ni òun sanwó rẹ̀ fún bíríkìlà. Ká ní a kò lu ihò yẹn ni, òpó irin méjì àti Hilux tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2 ni ìbá dúró lórí kọnkéré tí kò nípọn tó búrẹ́dì, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta sì wà lábẹ́.

Ohun tí a ń ṣe sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé a ó gé e, a ó gbẹ́ ẹ jìn, a ó sì da kọnkéré tuntun pẹ̀lú irin gẹ́gẹ́ bí ìwé líìfìtì náà bá ṣe wí. Ẹ má fi íńṣì díẹ̀ lé orí ti tẹ́lẹ̀, kò ní di ọ̀kan. Ìwọ̀n tí a mọ̀, hẹ́dípáànù sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, kò tó iṣẹ́ yìí. Sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 1 ààbọ̀, òkúta 3 ló sún mọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè. Omi tó bá pọ̀ jù ni í sọ kọnkéré di ẹ̀kọ, nítorí náà ẹ dúró ti bíríkìlà. Ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 kí ẹ tó lu ihò bóòtì sí i. Mo mọ̀ pé ọjọ́ 28 pọ̀ lójú ẹni tó ti yáwó, tí èlé sì ń gorí rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a ṣe ilẹ̀ kí a tó gba owó líìfìtì. Bákan náà, ẹ má rì í sórí sókàwéè, ẹ má rì í sórí dẹ́kìn tí yàrá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí bóòtì sún mọ́ ojú ibi tó ti sán.

Bóòtì tó ń fẹ̀ nínú kọnkéré ni wọ́n ń lò, kì í ṣe èyí tí a fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀. Ẹ fẹ́ eruku inú ihò jáde dáadáa kí ẹ tó gbá a wọlé, kí ẹ sì fi sípánà tó ń ka agbára dè é dé iye tí ìwé wí. Bóòtì tó bá ń yí, tó ń yí, tí kò le, ilẹ̀ ni kò dára. Kó o má fi agbára mú un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún wò ó.

Ní ti iná, mọ́tò líìfìtì sábà máa ń jẹ́ agbára ẹṣin 2 tàbí 3. Agbára ẹṣin 3 jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 2.2, iná tó ń fà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sì jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè ta á gìrì. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ (orúkọ náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa) nígbà tí mọ́tò wà lókè, kò ní já bọ́, torí pé lọ́ọ̀kù irin ló gbé e dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olópòó méjì ní láti kọ́kọ́ gòkè díẹ̀ kí lọ́ọ̀kù tó lè tú. Bí kò bá síná, mọ́tò oníbàárà á sùn sókè nìyẹn, ẹ ó sì máa bẹ̀ ẹ́.

Tòkúnbọ̀ ńkọ́? Ó wà, ó sì pọ̀. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, iná ọ̀hún ń lọ ní 60 nígbà tí tiwa ń lọ ní 50. Mọ́tò rẹ̀ á rọra yí ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè máa gbóná. Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ o: wáyà irin tó bá ti ń tú fọ́nrán, apá tí a ti jó ní wẹ́dà, òpó tó tẹ̀. Bí kò bá sí ìwé tàbí irin pélébé tí a kọ agbára rẹ̀ sí, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́n tó. Tuntun tó dára láti Amẹ́ríkà máa ń ní àmì ALI, ti Yúróòpù ní ìwé EN 1493.

Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ fi apá rẹ̀ sí ojú ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà fi sílẹ̀ fún un. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ mì í dáadáa, kó tó lọ sókè. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí lọ́ọ̀kù kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì, ẹ rántí pé ìdí mọ́tò yóò wá wúwo ju orí lọ. Ẹ ti sítáǹdì sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó tú bóòtì àkọ́kọ́.

Ìyá wa ọlọ́mọ́tò mẹ́ta jókòó tì mí, a jọ ṣírò. Àwọn ọkọ̀ rẹ̀ wà lójú títì láti àárọ̀ dalẹ́. Bóyá ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀ ni líìfìtì náà yóò ṣiṣẹ́. Ó fà fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà. Jáàkì onítáyà tó ń gbé tọ́ọ̀nù 3 àti sítáǹdì irin mẹ́rin ló rà, ó sì fi owó tó kù ra táyà. Inú ọmọ rẹ̀ kò dùn sí i rárá, ó ní èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Mẹkáníìkì wa gba ẹ̀yáwó kékeré fún ilẹ̀ ná. Ìgbìmọ̀ yóò tú ti líìfìtì sílẹ̀ nígbà tí a bá ti tún lu ihò wò, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì sì ní àwọn yóò wà níbẹ̀. Wọ́n ti da kọnkéré, ọjọ́ 28 yóò pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń rì í, kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ má wọ sálúbàtà wá.