Ejò rẹ kò bọ́ awọ tán? Má fà á ya o!

Ere kékeré tí wọ́n ń kó láti Tógò àti Benin lọ sókè òkun, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Níbi tí hítà ti ń jó nígbà òtútù, awọ àtijọ́ á kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára ni.

Bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bíi 30°C, díẹ̀ sínú ike. Kó má mù ún dórí o! Fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kó o sì dúró tì í. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó máa wọ́ gba inú aṣọ ìnura tó tutù, òun fúnra rẹ̀ á bọ́ ọ.

Wo ṣóńṣó ìrù dáadáa. Awọ tó bá fún un níbẹ̀ lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, kí ṣóńṣó náà sì kú.

Ojú ńkọ́? Háà, má fọwọ́ kàn án! Ejò kò ní ìpéǹpéjú. Awọ fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara ló bo ojú rẹ̀. Tí ti àtijọ́ bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, dókítà ẹranko ni kó yọ ọ́.