Ọkọ̀ tó ń gbóná: ẹ wá ibi tí omi ń gbà lọ kí wọ́n tó yọ thermostat

Bí ọkọ̀ bá gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìkòròdú, thermostat ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ ń yọ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná jù fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì kì í tètè móoru, epo á máa tán kíá, omi tó ń jò á ṣì máa jò.

Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Bí omi aláwọ̀ ewé tàbí pupa bá kán sí i, coolant ni. Omi AC kì í ní àwọ̀. Bí páálí bá gbẹ, tí omi ń dín kù, tí èéfín funfun sì ń jáde, gasket orí ẹ́ńjìnì ni kí ẹ fura sí. Bí omi bá pé, tí họ́ọ̀sì òkè gbóná ṣùgbọ́n tí ti ìsàlẹ̀ tutù, ó ṣeé ṣe kí thermostat ti há. Tuntun ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó bá ṣì gbóná o.