Ọkọ̀ Àfarawé Cobra: Kí Ẹ́ńjìnnì àti Gíà Gbọ́ Ara Wọn Yé Kí Ẹ Tó Náwó

Ọkọ̀ kan wà tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn eré ọkọ̀ mọ̀ bí ẹni mowó. Cobra ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gbẹ́ni Carroll Shelby, ọmọ Texas ní Amẹ́ríkà, ẹni tí òun àti Roy Salvadori jọ gba ipò kìíní nínú eré Le Mans ní 1959, ni ó dá a sílẹ̀. Ní 1962, ó mú ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ilé iṣẹ́ AC ń kàn ní Thames Ditton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ki ẹ́ńjìnnì Ford ti Amẹ́ríkà, oní-písítìnì mẹ́jọ, bọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré, agbára ńlá!

Bí ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n ṣe láyé ìgbà náà, ìdí nìyí tí ó fi wọ́n bí ojú. Ní 2016, wọ́n ta èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ní gbàǹjo ní California ní mílíọ̀nù dọ́là 13.75. Ta ni yóò rí irú owó bẹ́ẹ̀? Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi ń ra férémù irin àti ara ọkọ̀ àfarawé tí a fi fáíbà ṣe, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tò ó pọ̀ nínú ilé ọkọ̀ wọn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ni mo ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín. Ìbéèrè tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ yìí máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹ́ńjìnnì wo ló lágbára jù?” Èsì mi kì í yí padà. Mo ní kì í ṣe ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bèèrè nìyẹn. Ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè ni pé, ẹ́ńjìnnì wo, kílọ́ọ̀ṣì wo, gíábọ́ọ̀sì wo àti ásù ẹ̀yìn wo ni yóò gbọ́ ara wọn yé? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

ẸHÌN NI KÍ Ẹ TI BẸ̀RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kọ́kọ́ ra ẹ́ńjìnnì, wọn a sì wá máa wá gíà kiri. Èmi a máa ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe. Ṣé eré ìje ni, àbí ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ìyàwó yín? Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn gíga táyà, kí ẹ sì mọ iye ásù. Bí wọ́n bá ní ásù kan jẹ́ 3.55, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pá ṣáàfù tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn yóò yí ìgbà mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó, nítorí mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wà láàrin yín. Ká ní táyà ga ní íǹṣì 26, ásù jẹ́ 3.55, ẹ sì ń sá máìlì 60 ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ oní-gíà mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí bí ìgbà 2,750 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n gíábọ́ọ̀sì oní-gíà márùn-ún tí wọ́n ń pè ní T-5, irú èyí tí Ford fi sínú Mustang ní àwọn ọdún 1980, ní gíà karùn-ún tó jẹ́ 0.68. Pẹ̀lú rẹ̀, bí ìgbà 1,870 ni ẹ́ńjìnnì yóò yí ní eré kan náà. Ariwo dín kù, ooru dín kù, epo náà dín kù.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dára tí kò ní àléébù tirẹ̀. Gíà kìíní T-5 yìí jẹ́ 3.35. Bí ẹ bá so ó mọ́ ásù 3.73, ẹ́ńjìnnì yóò yí ìgbà 12 àti ààbọ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn lè wúlò fún ọkọ̀ tó wúwo. Ṣùgbọ́n Cobra fúyẹ́, ẹ ó ti pààrọ̀ gíà kí ẹ tó sọdá oríta. Ásù 3.31 yóò mú un wá sí bí ìgbà 11. Òun ni mo máa ń yàn fún ẹni tí kì í lọ sí pápá eré ìje.

Ẹ RA ẸBÍ KAN NÁÀ

Ìmọ̀ràn mi kejì ni pé kí ẹ ra àwọn ẹ̀rọ tó ti ń bá ara wọn gbé tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì Ford 302, gíábọ́ọ̀sì T-5 àti ásù Mustang jẹ́ ọmọ ìyá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ló lo ẹ́ńjìnnì Rover oní-písítìnì mẹ́jọ pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì Rover, wọ́n sì fi ásù Jaguar sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì Rover yìí kò ní agbára tó ti Ford, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni, ó fúyẹ́. Ẹni tó bá sì ki ẹ́ńjìnnì Ford 427, tó tó lítà méje, mọ́ T-5 kékeré, kí ó mọ̀ pé eyín gíà ni yóò san gbèsè náà. Okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ.

ÌWỌ̀N TÍ OJÚ KÒ RÍ

Ohun tó ń jẹ owó ènìyàn jù ni ohun tó jọra lójú tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, gbé ẹ́ńjìnnì 302 kan wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.” Ẹni tó tà á fún un ti sọ fún un pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin 302 kan àti òmíràn.

Ìyàtọ̀ wà! Fúláíwíìlì, ìyẹn irin róbótó ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ní ìwọ̀n kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti àwọn 302 àtijọ́ jẹ́ 28. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ford sọ ọ́ di 50. Ti 28 ni wọ́n dè mọ́ ẹ́ńjìnnì 50 ọmọkùnrin yìí. Nígbà tí a tú u, àwọn bíárìn rẹ̀ ti ń jẹ. Bí ó bá tún wà á fún oṣù kan sí i ni, ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì náà ìbá bàjẹ́, owó tí ó fi ọdún méjì kó jọ ìbá sì wọmi.

Ẹ tún ka eyín etí fúláíwíìlì. Òmíràn ní 157, òmíràn ní 164. Ìbòrí kílọ́ọ̀ṣì àti sítátà gbọ́dọ̀ bá iye náà mu. Ẹ sì wo bí iná ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Àwọn 302 àtijọ́ ń tanná ní 1-5-4-2-6-3-7-8. Àwọn tí wọ́n ń pè ní HO ń tanná ní 1-3-7-2-6-5-4-8. Kámù inú rẹ̀ ló ń pinnu èyí. Bí ẹ bá so wáyà rẹ̀ lódì, yóò máa wúkọ́, yóò sì máa yọ iná lẹ́nu.

Ẹ má gbàgbé òfin o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ọkọ̀ báyìí gbọ́dọ̀ yege ìdánwò ìjọba tí wọ́n ń pè ní IVA kí ó tó gba nọ́ńbà. Ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wò láti mọ irú èéfín tí wọn yóò gbà fún un, nítorí náà ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Kí bíréèkì náà sì tó agbára ọkọ̀, nítorí eré tí kò ní ìdúró, ikú ni.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA ARÁ ILÉ

Ẹnìkan lè sọ pé, “Kí ló kàn mí nínú Cobra?” Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù yín, ọ̀rọ̀ náà kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ mú nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ra ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì àti gíábọ́ọ̀sì láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ka eyín, ẹ wọn ihò bóòtù, kí ẹ tó ka owó. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì nítorí agbára nìkan, mẹ́káníìkì ni yóò máa bá a ná èrè rẹ̀.