Ẹ̀rọ ìlọta láti Amẹ́ríkà: Ẹ ka ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tàn án

Bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí bá iná mànàmáná mu dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó máa ń ra ẹ̀rọ ìlọta tàbí áyọ́ọ̀nù ránṣẹ́ sí ìyá wọn nílé. Ìyá á gbà á, wọn á súre fún ọmọ, wọn á da ata àti tòmátì sínú ẹ̀rọ. Kí á tó ka ení, èjì, èéfín ti gba ilé ìdáná.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dára. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Bí a bá so áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún 120 mọ́ 230, agbára iná tí yóò fà yóò lé ní ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ó yẹ kó fà. Ó lè dá iná sílẹ̀ nínú ilé. Ẹni tí ó bá sì gbé áyọ́ọ̀nù ilé lọ sí Amẹ́ríkà, tirẹ̀ kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò ní gbóná tó láti lọ aṣọ.

Adáptọ̀ ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Yóò jẹ́ kí plọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà wọ ihò ògiri wa, ṣùgbọ́n kò dín iná kù rárá. Transfọ́mà ni ó ń ṣe ìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ lè gbé wáàtì tí ó ju ti ẹ̀rọ náà lọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 100-240V, iná ìlú méjèèjì ló lè lò, adáptọ̀ nìkan ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká rí. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí ìyá ra tiwọn lọ́jà nílé.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. 230 ni iná ibẹ̀ náà, plọ́ọ̀gì wọn tí ó ní eyín pẹlẹbẹ mẹ́ta sì ni ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin ìyá náà, bí ẹ̀rọ bá ti òkè òkun dé, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé ka ìdí rẹ̀ fún yín ná. Àdúrà lè tẹ̀ lé e.