Láti Ìsọ̀ Ẹ̀wà ní Bódìjà dé Yàrá Àyẹ̀wò Ìfun

Eruku ẹ̀wà ló kọ́kọ́ pàdé imú mi bí mo ṣe yà sí ọ̀nà àwọn ẹlẹ́wà ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn. Ọ̀sán ti pọ́n. Ooru ń ti orí páànù bọ̀ wálẹ̀, àwọn alábàárù ń gbé àpò kọjá, wọ́n ń kígbe "Ẹ yà, ẹ yà!", ẹ̀rọ ata tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ kò sì sinmi ariwo. Àǹtí mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jókòó sórí àpótí, ó ń fi atẹ fẹ́ ẹ̀wà olóyin, èèpo rẹ̀ ń fò lé e lórí gèlè. Ẹni ọdún 46 ni. Ara rẹ̀ le. Ibì kankan kò dùn ún.

Ìwé tí ilé ìwòsàn fún un wà lábẹ́ kóńgò tó fi ń wọn ọjà. Ohun tó lè jẹ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣáájú kọlọnọ́síkópì, àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi kámẹ́rà tó wà lórí okùn gígùn wo inú ìfun ńlá láti ìdí. Ẹ̀wà ló ṣáájú nínú ohun tó gbọ́dọ̀ yẹra fún. Àgbàdo tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀fọ́, ẹ̀pà, gúrọ́fà, tòmátì tòun ti kóró inú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní èèpo tàbí kóró tó lè há sínú ìfun ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá pa. Ẹni ọdún 52 ni ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n rí i lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde tipẹ́ kó tó di ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń pè é nílé. Ó fi ohun dídùn sílẹ̀, ó mu àgbo òwúrọ̀, ó mu ti alẹ́. Nígbà tó fi máa dé iwájú dókítà, àìsàn náà ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Òótọ́ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí máa ń mú kí ènìyàn yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ míì tó yẹ kí a máa pariwo létí àwọn ènìyàn wa tó èyí.

Àwọn tó wà ní ìsọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún olówó ọjà nìkan. Obìnrin tó ń ta gàrí ní ẹ̀gbẹ́ kejì na ọrùn wá.

"Ìyá Ẹlẹ́wà, ohun tí kò ṣe yín lẹ fẹ́ lọ fi owó wá kiri?"

Ẹnì kan ní òun gbọ́ pé irin ni wọ́n ń kì bọ ènìyàn. Òmíràn ní ojú máa ti òun kú kí òun tó gun orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá alágbo gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú agbada lórí, òórùn ewé àti kán-ún tẹ̀ lé e, ó bèèrè bóyá jẹ̀díjẹ̀dí ni. Alábàárù kan tó sọ àpò kalẹ̀ láti nu òógùn ló dáhùn: "Ṣebí àrùn yìí náà ló pa Pelé?"

Òun ni. Àyẹ̀wò ara tí Pelé lọ ṣe ni wọ́n fi rí kókó nínú ìfun rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ó sì kú ní 29 oṣù kejìlá ọdún 2022, lẹ́ni ọdún 82. Chadwick Boseman, òṣèré tó ṣe ọba nínú fíìmù Black Panther, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ẹni ọdún 43 ni nígbà tí àrùn kan náà pa á ní 2020.

Àǹtí mi da ẹ̀wà tó fẹ́ tán sínú abọ́. "Àrùn la lè wò," ó wí fún ìyá onígàrí, "a kì í wo ikú. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀." Ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ọjọ́ kejì la lọ bá dókítà. Ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà kí agogo méje tó lù. Bẹ́ǹṣì kún, fáànù òkè ń yí wíríwírí láìfẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni, òórùn Izal sì dàpọ̀ mọ́ ti àkàrà tí ẹnì kan gbé pamọ́ sínú báàgì. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni orí gbogbo wa ń yí síbẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní agogo mọ́kànlá kí wọ́n tó pè wá.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó fi bírò ya ìfun ńlá sí ẹ̀yìn ìwé: gígùn rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, ó gba apá ọ̀tún ikùn gòkè, ó dábùú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní apá òsì. Èéhù ẹran kéékèèké lè yọ lára ògiri rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ní di nǹkan kan. Díẹ̀ lè di jẹjẹrẹ, ó sì máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá. "Inú ọdún mẹ́wàá yẹn la ti ń ṣiṣẹ́," ó wí. "Bí a bá rí i, a ó gé e kó tó dàgbà."

Àǹtí mi bèèrè bóyá ọ̀nà míì wà. Dókítà kò fi pamọ́ fún un. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ kò ní in lè máa fi ìgbẹ́ díẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí, lọ́dọọdún, kó sì wá ṣe kámẹ́rà bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 45 ni wọ́n ti ń sọ fún báyìí pé kó bẹ̀rẹ̀. 50 ni tẹ́lẹ̀, 2021 ni wọ́n yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní in yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ogójì ọdún, tàbí kó fi ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ẹni yẹn, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Kámẹ́rà gan-an ló sì yẹ ẹ́.

Ó sọ ewu rẹ̀ náà. Okùn lè lu ìfun, kò tó ẹnì kan nínú 1,000 tó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ lè dà níbi tí wọ́n ti gé èéhù. Abẹ́rẹ́ oorun lè dín èémí kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú dúró ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí pé ó máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú tó sì ń lẹ̀ mọ́ ìfun, ṣùgbọ́n kó má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn àǹtí mi kò tíì jáde. Ó wo ilẹ̀. "Dókítà, ṣé ọkùnrin ló máa ṣe é?"

"Èmi ni, mà. Aṣọ á bò yín láti àyà dé orúnkún."

Nígbà náà ló fọwọ́ sí i.

Mo ti ń rò pé àwa nìkan ni àyẹ̀wò yìí ń bà lẹ́rù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Norway, Poland àti Sweden, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, nǹkan bí ènìyàn 42 nínú 100 tí wọ́n pè ló lọ. Síbẹ̀, láàárín ọdún mẹ́wàá, ewu jẹjẹrẹ ìfun fi nǹkan bí 18 nínú 100 dín kù lára gbogbo àwọn tí wọ́n pè, tòun ti àwọn tó kọ̀ tí wọn ò lọ. Nílé wa níbí, kò sí ìwé ìpè tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣègùn tó ń tọpa àrùn yìí wà, irú ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2013 láti so àwọn ilé ìwòsàn pọ̀ lórí ìwádìí jẹjẹrẹ. Òfin ètò adójútòfò ìlera náà wà láti 2022. Àǹtí mi kò ní káàdì ètò náà. Owó àjọ tó kó ló fi san gbogbo rẹ̀.

Ìṣòro tó kàn ni ṣaláńgá. Ilé tó ń gbé ní Yemẹtu, ilé oníyàrá-kọjú-sí-yàrá ni, gbogbo ayálégbé ló sì ń lo ṣaláńgá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá máa mu oògùn ìfọnú, èyí tó ń fọ ìfun mọ́ ṣáájú àyẹ̀wò, kò lè tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó kó aṣọ, ó wá sun ọ̀dọ̀ mi. A pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù àti gbogbo garawa tó wà nílé, nítorí bí iná kò bá sí, omi kì í gòkè.

Ìrẹsì funfun, ẹyin àti ẹja ló fi ń gbé ara láti ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó ku ọ̀la, oúnjẹ líle parí. Tíì láìsí mílíìkì, omi àgbọn, omi ẹran tí a sẹ́ dáadáa. Ọmọ mi gbé sóbò tútù fún un, mo sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀: omi pupa kò gbọ́dọ̀ wọlé, torí pé ó lè dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà.

Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. A po oògùn alátíkè náà mọ́ omi lítà méjì nínú kẹ́ẹ̀gì. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń bú jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe kan ahọ́n rẹ̀ báyìí, iyọ̀ ni. Ife kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A fi yìnyín sí i, ó fi sítíróò mu ún, ó di imú. Fún nǹkan bí wákàtí kan, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàníyàn pé bóyá oògùn náà ti bàjẹ́. Ikùn rẹ̀ wá kígbe. Ó sáré.

NEPA mú iná lọ. Mo ń gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn, ilẹ̀kùn, omi garawa, ilẹ̀kùn. Ó lọ, ó bọ̀, kò tíì jókòó kó tó tún dìde. Òtútù ń mú un nínú ooru yẹn, torí gbogbo ohun tútù tó ti mu. Fasilíìnì tí nọ́ọ̀sì ní kó fi pa ìdí wúlò gan-an. Ó ní bí kì í bá ṣe fasilíìnì náà ni, òun ì bá ti sunkún.

Agogo mẹ́rin ìdájí, ó mu lítà méjì yòókù. Ìpè àdúrà ti ń dún láti mọ́ṣáláṣí nígbà tó dé ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Ìdajì òwúrọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ fò, òun sì ni dókítà tẹnu mọ́ jù. "Ẹni tó bá fẹ́ wo ìsàlẹ̀ kànga," ó ti wí, "omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́." Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́fà ààbọ̀, ohun tó ń jáde ti di omi tó pọ́n résúrésú, tí kò ní ìdọ̀tí nínú. Ó pè mí kí n wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Mo wò ó. Ó mọ́.

A wọ takisí Micra ní kùtù. Àǹtí mi ti di ìró àtijọ́ sí abẹ́ aṣọ, ó sì ń bẹ awakọ̀ ní gbogbo kòtò tí a dé.

Dókítà gbà kí n wọlé nítorí pé àǹtí mi fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Yàrá náà tutù. Jẹnẹrétọ̀ ń hó níta. Wọ́n fi nǹkan kan há a ní ìka, wọ́n so ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó ká orúnkún mọ́ àyà, abẹ́rẹ́ sì wọlé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àwòrán yọ sójú ẹ̀rọ: ògiri pupa tó ń dán, tó ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, omi díẹ̀ tó ń tàn. Kò sí ìgbẹ́ kankan níbẹ̀. Nígbà tí okùn dé kọ̀rọ̀, ó kérora, nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó sì kọjá. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ kò kú.

Wọ́n dé òpin, níbi tí ìfun kékeré ti wọ inú ìfun ńlá. Ìgbà tí wọ́n ń fa okùn padà gan-an ni wọ́n ń wò ó fínnífínní, díẹ̀díẹ̀. Ní apá òsì, okùn dúró. Èéhù kan wà lórí ìṣẹ́po, kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Dókítà ti okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn, ó fún un, ó gé e. Ọgbọ́n yìí ni William Wolff àti Hiromi Shinya bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1969. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ikùn ni wọ́n ń là. Àǹtí mi kò mira. Wọ́n ju èéhù náà sínú ìgò kékeré, wọ́n kọ orúkọ sí i lára.

Ní yàrá ìsinmi, atẹ́gùn tí wọ́n fẹ́ sínú rẹ̀ ń jáde pẹ̀lú ariwo, ojú ń tì í, nọ́ọ̀sì sì ní kó má dá a dúró rárá. Wọ́n fún un ní tíì àti búrẹ́dì. Dókítà wá ṣàlàyé: ojú èéhù náà kò jọ ti jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò ló máa sọ irú èyí tó jẹ́, èsì yẹn ni wọ́n sì máa fi mọ ọdún tó máa padà wá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà tàbí inú bá run ún gan-an, kó tètè wá, kó má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ní ọgbà ilé ìwòsàn, kí ọkọ̀ tó dé, àǹtí mi gba fóònù mi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Ìkòròdú ló pè. Ẹni ọdún 43 ni, ìyá àti bàbá kan náà ló bí wọn. Mo ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti ibi tí mo dúró sí. Ó béèrè iye owó. Ó béèrè bóyá ó dùn ún. Ó ní òun máa rò ó.

"Kò sí ohun tí o fẹ́ rò níbẹ̀," àǹtí mi wí. "Màá dá owó àjọ tó ń bọ̀ sí i. Ọjọ́ wo lo ń bọ̀ n'Íbàdàn?"